Ta Ló Wà Nínú Òǹkà? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ààbò àti Ìlera Òṣìṣẹ́ ní Yunifásítì

Yunifásítì kì í ṣe ibi iṣẹ́ kan ṣoṣo. Odidi ìlú ni. Láàbù wà níbẹ̀, oko wà níbẹ̀, ilé ìtẹ̀wé, ilé ìdáná, ṣọ́ọ̀bù àwọn oníwẹ́dà, ilé ìwòsàn ìkọ́ni, àti jẹnẹrétọ̀ ńlá tí wọ́n ń tàn nígbà tí iná ìjọba bá lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń po ásíìdì, agbálẹ̀ tó ń da ìdọ̀tí láàbù náà nù, akọ̀wé tó jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì lóru: abẹ́ orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ sí, ewu tó dojú kọ wọn kò sì jọra. Kí ló yẹ kí yunifásítì ṣe kí iṣẹ́ má baà pa òṣìṣẹ́ lára, kó má sì sọ ọ́ di aláìsàn? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí pọ̀, àwọn onímọ̀ kò sì tíì fẹnu kò.

Àwọn kan ní òfin ni. Àwọn kan ní ẹ̀rọ àti ilé ni. Àwọn mìíràn fara mọ́ ìlànà tó wà lákọsílẹ̀, àwọn kan sì gbà pé ìwà àti ìṣe àwọn tó wà nínú láàbù ló ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní tiwọn, àwọn onímọ̀ ìlera ní tiwọn, àwọn tó ń san owó gbà-má-bínú náà kò dákẹ́. Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rí inú àgbéyẹ̀wò yìí ti wá, nítorí pé níbẹ̀ ni àwọn aláṣẹ ti ń tẹ ìwádìí ìjàm̀bá yunifásítì jáde fún gbogbo ayé. Nàìjíríà wọlé níbi tí òfin rẹ̀ tàbí ìtàn rẹ̀ bá ti kan ọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan ni mo bi gbogbo wọn bákan náà: ta ni ẹ kà mọ́ òṣìṣẹ́?

Àwọn tó gbójú lé òfin

Èrò àwọn wọ̀nyí ni pé kò sí agbanisíṣẹ́ tí yóò ná owó gidi sórí ààbò bí kò bá sí òfin tó lè mú un. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1970 ló bí OSHA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́. Nígbà tó di 1990, àjọ náà gbé ìlànà kan kalẹ̀ fún láàbù nìkan: kí ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ètò lórí kẹ́míkà tó wà lákọsílẹ̀, kí ẹnì kan pàtó sì máa bójú tó o. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn ìròyìn ìgbìmọ̀ Robens ní 1972, wọ́n ṣe òfin 1974, tí kò fi bẹ́ẹ̀ to ewu lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tó wí ni pé kí agbanisíṣẹ́ ṣe gbogbo ohun tó bá wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ dé ibi tó bọ́gbọ́n mu láti dáàbò bo òṣìṣẹ́, àti, ní abala 3, ẹnikẹ́ni mìíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ lè ṣe ní jàm̀bá.

Abala 3 yẹn níye lórí gan-an. Ní 2015, ní yunifásítì Northumbria, wọ́n fẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó yọ̀ǹda ara wọn fún ìwádìí ní ìwọ̀n káféènì díẹ̀. Orí fóònù ni wọ́n ti ṣe ìṣirò rẹ̀, ààmì kan sì bọ́ sí ibi tí kò yẹ: gíráàmù 30 ni wọ́n fún wọn dípò 0.3. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, wọn kò kú. Ní oṣù kìíní 2017, ilé ẹjọ́ bu £400,000 lé yunifásítì náà lórí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn méjèèjì, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́, síbẹ̀ òfin rí wọn. Ẹ wá wo yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹrin 2011: akẹ́kọ̀ọ́ kan kú ní ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ irin nígbà tí irun rẹ̀ há sínú ẹ̀rọ tó ń yí. OSHA wá ṣe ìwádìí, ó kọ lẹ́tà lórí àléébù tó rí, ṣùgbọ́n kò lè bu owó ìtanràn kankan, nítorí ẹni tí kò bá gba owó iṣẹ́ kò sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ewu kan náà ni ẹ̀rọ yẹn jẹ́ fún ẹni tó ń gbowó àti ẹni tó ń san owó ilé ẹ̀kọ́. Òfin ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bí òfin bá ti wá rí ẹni tó fara pa, ó lágbára. Ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá 2008, iná mú olùrànlọ́wọ́ ìwádìí kan, ọmọ ọdún 23, ní láàbù kẹ́mísírì yunifásítì UCLA, nígbà tó ń fa kẹ́míkà kan tó máa ń gbiná bí atẹ́gùn bá ti kàn án. Kò wọ aṣọ láàbù. Ó kú ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Òṣìṣẹ́ ni, ó sì ṣeé ṣe fún ìjọba ìpínlẹ̀ California láti bu owó ìtanràn, kí ó sì gbé ẹjọ́ ọ̀daràn lọ sí kóòtù ní 2011 lórí yunifásítì àti lórí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni láàbù. Yunifásítì fọwọ́ sí àdéhùn ní 2012: ó ṣèlérí àtúnṣe ààbò, ó sì gbé $500,000 kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní orúkọ olóògbé. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ṣe àdéhùn tirẹ̀ ní 2014: wákàtí 800 iṣẹ́ ìlú, àti $10,000 fún ilé ìtọ́jú àwọn tí iná jó. Ẹjọ́ yìí ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ọ̀pọ̀ olórí láàbù ní Amẹ́ríkà mọ̀ pé orúkọ wọn lè wọ ìwé ẹ̀sùn.

Àléébù rẹ̀ kò farasin. Ní Amẹ́ríkà, owó ìtanràn kì í tóbi: $31,875 ni ti UCLA, $9,000 sì ni ti ilé ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth lẹ́yìn ikú Karen Wetterhahn, tí a óò mẹ́nu bà níwájú. Ẹ̀yìn ìjàm̀bá ni òfin sábà máa ń dé. Ohun kejì ni pé ẹ̀bi kì í rọrùn láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní Birmingham ní 1978, ayàwòrán kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn kó ṣànpọ̀nná, ó sì kú, òun ni ẹni ìkẹyìn tí àrùn náà pa láyé. Láàbù tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ṣànpọ̀nná wà ní àjà ìsàlẹ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n pe yunifásítì lẹ́jọ́ lábẹ́ òfin 1974, yunifásítì sì jàre, torí pé kò sí ẹni tó lè fi hàn dájú ọ̀nà tí kòkòrò náà gbà dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ láti ìpìlẹ̀. Òfin Ilé Iṣẹ́ Ẹ̀rọ ti 1987 ni òfin ààbò iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ jù, ojú fáktírì tó ń ṣe ọjà ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, láàbù ìwádìí àti ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ kò bá àpèjúwe rẹ̀ mu. Ìwé òfin ìlú 1999, ní abala 17, pàṣẹ pé kí ìjọba rí sí ìlera àti ààbò gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Abala 6 ìwé kan náà wá sọ pé kò sí ẹni tó lè torí apá yẹn gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Ọwọ́ kan fún ni, ọwọ́ kejì gbà á padà. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé nọ́ńbà 155 lórí ààbò iṣẹ́ láti 1994, ó sì ní ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí rẹ̀ láti 2006, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2020. Ṣùgbọ́n ìlànà kì í ṣe òfin, aṣàyẹ̀wò tí kò ní òfin lọ́wọ́ kò lè ti ilẹ̀kùn láàbù kankan. Ibì kan ṣoṣo tí nǹkan ti le díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìtànṣán: àjọ NNRA, lábẹ́ òfin 1995, láṣẹ lórí ohunkóhun tó ní agbára átọ́míìkì nínú, yálà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni tàbí ní láàbù físíìsì.

Àwọn tó ní kí a mú ewu fúnra rẹ̀ kúrò

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn onímọ̀ ìlera iṣẹ́ ní àtẹ̀gùn kan tí wọ́n fi ń ronú. Àkọ́kọ́, mú ewu kúrò pátápátá. Bí kò bá ṣeé ṣe, fi ohun tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, fi ẹ̀rọ tàbí ògiri dí i mọ́. Ìkìlọ̀ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló kàn, ìbọ̀wọ́ àti awò ojú ló sì gbẹ̀yìn. Kókó rẹ̀ ni pé kí ààbò má dúró lórí ìrántí ẹni tó ti rẹ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jù fún ìrònú yìí ni ti Wetterhahn, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì ní Dartmouth. Ní oṣù kẹjọ 1996, ẹ̀kán díẹ̀ nínú àkópọ̀ mákúrì kan ta sí ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe aláìbìkítà. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì wà nídìí àpótí onígíláàsì tí ń fa èéfín síta. Ohun tí a kò tíì mọ̀ nígbà náà ni pé kẹ́míkà yẹn ń gba inú rọ́bà ìbọ̀wọ́ náà kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Oṣù kẹfà 1997 ló kú. Kò sí ìkìlọ̀ tó lè gbà á là, nítorí ìkìlọ̀ ti ọjọ́ yẹn gan-an ló tẹ̀ lé. Ohun tí ìbá gbà á là ni kí wọ́n má lo kẹ́míkà náà rárá, ohun tí wọ́n sì gba àwọn láàbù yòókù níyànjú lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn: ẹ wá òmíràn lò.

A rí irú ìrọ́pò bẹ́ẹ̀ nílé náà. Ẹ̀rọ ìwádìí átọ́míìkì kékeré kan wà ní yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004. Ní 2018, wọ́n yọ yuréníọ̀mù alágbára inú rẹ̀, wọ́n kó o padà sí China tó ti wá, wọ́n sì fi èyí tí agbára rẹ̀ kéré rọ́pò rẹ̀. Lóòótọ́, ìbẹ̀rù pé kó má bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó lè fi ṣe bọ́ǹbù ló fa èyí ju ààbò òṣìṣẹ́ lọ. Síbẹ̀ ó fi hàn pé yunifásítì lè yí ohun èlò padà láìpa ìwádìí tì.

Àléébù ìrònú yìí ni owó, àti iná mànàmáná. Àpótí tí ń fa èéfín kì í fa nǹkan kan bí iná bá lọ, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀ sì lè má tètè mọ̀. Yunifásítì tó ń ka lítà dísù lójoojúmọ́ kò lè gbé gbogbo ààbò rẹ̀ lé ẹ̀rọ tó ń jẹ iná. Àléébù kejì wà níbi ògiri. Ní 1969, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì tó ṣàìsàn ní Nàìjíríà ránṣẹ́ sí láàbù Yale, níbi tí wọ́n ti dá kòkòrò ibà Lassa mọ̀. Jordi Casals, olùwádìí tó ń ṣe é, kó àrùn náà. Omi inú ẹ̀jẹ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ti yè é ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ tó fi bọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, òṣìṣẹ́ láàbù mìíràn kó o, ó sì kú. Ẹni yìí kò sí lára àwọn tó ń fọwọ́ kan kòkòrò náà rárá, a kò sì mọ bó ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí di òní. Yale dá iṣẹ́ lórí kòkòrò náà dúró. Ẹ fi ti Birmingham tì í: nínú méjèèjì, ẹni tí wọn kò fọkàn sí ni ikú mú. Ẹni tó ń ya àwòrán fún àtẹ̀gùn ewu ní láti kọ́kọ́ mọ ẹni tó wà lójú ọ̀nà, ibi tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sì ti máa ń kùnà nìyẹn.

Àwọn onífáìlì

Ìlànà àgbáyé ISO 45001 lórí ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́, tó jáde ní 2018 tó sì gba ipò ìlànà OHSAS 18001, ni ìwé tí àwọn wọ̀nyí gbé lọ́wọ́. Ètò náà kò ṣòro láti lóye: to gbogbo ewu sílẹ̀, yan ẹni tí yóò bójú tó ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣàyẹ̀wò, ṣàtúnṣe, padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Èrè rẹ̀ ni pé kì í bá ènìyàn lọ. Gíwá yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Nàìjíríà kì í lò ju ọdún 5 lọ. Bí ètò ààbò bá wà nínú orí gíwá kan, yóò bá a kó ẹrù.

Àmọ́ fáìlì kì í paná. Ní UCLA, àwọn aṣàyẹ̀wò ti wọ láàbù yẹn ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú ìjàm̀bá, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ kì í wọ aṣọ láàbù. Ìwé náà pé, kò sí ohun tó kù síbẹ̀ àfi kí ẹnì kan ṣe ohun tó wí. Yàtọ̀ sí èyí, owó kékeré kọ́ ni ìwé ẹ̀rí irú èyí ń gbà, ó sì rọrùn fún yunifásítì láti ra ìwé ẹ̀rí fún ilé ìṣàkóso rẹ̀, kí ó fi oko àti ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà sílẹ̀.

Àwọn tó ní ìwà inú láàbù ni

Èrò yìí ló ń lé iwájú báyìí ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yìn ìjàm̀bá Chernobyl ní 1986 ni àwọn onímọ̀ átọ́míìkì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa àṣà ààbò. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì Amẹ́ríkà gbé e wọ yunifásítì pẹ̀lú ìròyìn wọn ní 2012, ìgbìmọ̀ ìwádìí àpapọ̀ ibẹ̀ sì ṣe tirẹ̀ ní 2014.

Lára ohun tó fa ìròyìn méjèèjì ni ìbúgbàù kan ní yunifásítì Texas Tech ní oṣù kìíní 2010. Akẹ́kọ̀ọ́ onípele gíga kan pàdánù ìka mẹ́ta. Nínú láàbù náà, wọ́n ti máa ń sọ ọ́ lẹ́nu pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ju mílígíráàmù 100 kẹ́míkà abúgbàù lọ. Gíráàmù 10 ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà, ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Àjọ ìjọba tó ń wádìí ìjàm̀bá kẹ́míkà, CSB, gbé ìròyìn jáde ní 2011. Ó rí i pé ìlànà OSHA ti 1990 kò sọ nǹkan gidi nípa ohun tó lè bú gbàù, pé ìjàm̀bá kéékèèké ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí láìsí ẹni tó fi kọ́gbọ́n, àti pé olórí láàbù nìkan ló ń pàṣẹ ohun tí ń lọ nínú láàbù rẹ̀. Yorùbá ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àṣà ààbò, bí mo ṣe lóye rẹ̀, kò ju pé kí ìròyìn kòtò náà dé etí ará yòókù, kí ẹni tó jìn sí i má sì bẹ̀rù àtisọ. Ní yunifásítì Hawaii ní 2016, olùwádìí kan pàdánù apá nígbà tí àgbá gáàsì bú gbàù. Ìbúgbàù kékeré ti ṣẹlẹ̀ nínú àgbá kékeré kan ṣáájú ọjọ́ náà, iṣẹ́ kò sì dúró.

Kí ló ń fa ìdákẹ́? Òkè lọ́wọ́ afúnni ń gbé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń fọwọ́ sí ìwé ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́, òun ló ń kọ lẹ́tà tí yóò fi rí iṣẹ́, owó ìwádìí tó gbà ni wọ́n fi ń san owó oṣù. Ta ni yóò sọ fún un pé ọ̀nà tó ń gbà ṣe nǹkan léwu? Nínú ìwádìí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ní California bá ìwé ìròyìn Nature ṣe ní 2012 láàárín àwọn olùwádìí bí 2,400, ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún ní láàbù àwọn kò léwu. Nǹkan bí ìdajì wọn sì ti fara pa rí níbẹ̀. Ní yunifásítì Minnesota, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kẹ́míkà Dow, wọ́n gbìyànjú láti yí agbára yìí padà ní 2012: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onípele gíga fúnra wọn ni wọ́n fi ṣe olórí ẹgbẹ́ ààbò ní ẹ̀ka wọn.

Mo fara mọ́ púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n wí, ṣùgbọ́n ohun méjì ń kọ mí lóminú. Àṣà kò ṣeé fi òṣùwọ̀n wọ̀n dáadáa. Bí ìjàm̀bá tí a ròyìn bá pọ̀ sí i, ṣé àṣà ti bàjẹ́ ni, àbí àwọn ènìyàn ti ń sọ òtítọ́? Èkejì ni pé ọ̀rọ̀ ìwà lè yára di ọ̀rọ̀ ẹ̀bi. H. W. Heinrich, ará Amẹ́ríkà kan tó ń bá ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ṣiṣẹ́, kọ ọ́ ní 1931 pé ìwà òṣìṣẹ́ ló ń fa ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún ìjàm̀bá. Àwọn onímọ̀ ti tako ìṣirò yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, síbẹ̀ títí di òní ó rọrùn fún ọ̀gá láti ní àìgbọràn ni ju kó ní àpótí èéfín kò ṣiṣẹ́.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ìgbìmọ̀ ààbò

Èyí ni ìdáhùn tí àwọn onímọ̀ kì í fẹ́ kọ nípa rẹ̀, tó sì ní òfin lẹ́yìn jù. Láti ìlànà 1977, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí agbanisíṣẹ́ gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láṣẹ láti yan aṣojú ààbò tó lè yẹ ibi iṣẹ́ wò, tó sì lè béèrè ìwé. Ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, òfin 1978 ní kí ibi iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìgbìmọ̀ tí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá jọ wà nínú rẹ̀. Ó tún fún òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ iṣẹ́ tó bá gbà pé ó léwu. Agbára èyí ni pé ẹni tó ń gbá ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń rí ibi tí òrùlé ti ń jò sórí wáyà. Ẹ̀tọ́ àtikọ iṣẹ́ nìkan, nínú gbogbo ohun tí a ti sọ, ló ń dá ewu dúró lójú ẹsẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ mẹ́rin ló gbajúmọ̀ jù ní yunifásítì ìjọba: ASUU fún olùkọ́, SSANU fún òṣìṣẹ́ àgbà, NASU fún àwọn tó kù, NAAT fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ láàbù. Wọ́n lágbára, wọ́n lè ti ilé ẹ̀kọ́ pa. Ṣùgbọ́n orí owó ni wọ́n sábà máa ń lo agbára náà lé, nínú èyí tí owó ewu wà. Mi ò bá wọn wí. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó ná yóò gba ohun tó bá rí. Àmọ́ ẹ wo ibi tó já sí: títí di 2021, ₦5,000 lóṣù ni owó ewu àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, àwọn ilé ìwòsàn ìkọ́ni pẹ̀lú, kódà ní àkókò kòrónà. Wọ́n ti wá bù kún un. Ewu náà ṣì wà níbi tó wà, iye rẹ̀ ló yí padà. Ẹni tó ń gba owó ewu kì í sì í fẹ́ kí wọ́n kéde pé ewu ti tán.

Ihò kan tún wà nínú àwọ̀n yìí. Àwọn ọlọ́dẹ àti agbálẹ̀ tí kọ́ńtírákítọ̀ gbà síṣẹ́ kò sí nínú ìkankan nínú ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àwọn tó ń wo ara àti ọkàn òṣìṣẹ́

Àwọn wọ̀nyí ní ìjàm̀bá láàbù kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀yìn dídùn àti ìrònú. Ètò wọn ni àyẹ̀wò ara ọ̀fẹ́, eré ìdárayá, ìmọ̀ràn lórí oúnjẹ àti sìgá. Ó dára lójú, yunifásítì kan sì ti fi ara rẹ̀ dán an wò dáadáa. Ní 2016, yunifásítì Illinois ní Urbana-Champaign pín òṣìṣẹ́ rẹ̀ bí 5,000 sí ọ̀nà méjì bí ẹni ṣẹ́ kèké: apá kan gba ètò ìlera, apá kejì kò gbà. Nígbà tí èsì jáde, owó ìtọ́jú kò dínkù, ìlera kò yàtọ̀, lílọ síbi eré ìdárayá kò yàtọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn tó wọ ètò ṣàyẹ̀wò ara díẹ̀ sí i, wọ́n sì túbọ̀ gbà pé ọ̀gá àwọn bìkítà. Àṣírí tó tú níbẹ̀ ni pé àwọn tí ara wọn ti le tẹ́lẹ̀ ló ń sáré wọ irú ètò yìí. Ìdí nìyí tí ìwádìí tí kò ṣẹ́ kèké fi máa ń yìn ín.

Ipá kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2013, yunifásítì Penn State ní òṣìṣẹ́ tí kò bá dáhùn ìbéèrè ìlera lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò máa san $100 lóṣù. Lára ìbéèrè náà ni bóyá obìnrin ń gbèrò àtilóyún. Àwọn olùkọ́ fárígá, wọ́n sì dá owó náà dúró kí ọdún tó parí.

Nínú agbo yìí kan náà ni àwọn kan ti yapa. Wọ́n ní iṣẹ́ ni kí a tún ṣe, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ìlànà àjọ ààbò iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lórí ìdààmú ọkàn, ti 2004, ń béèrè nípa ìwọ̀n iṣẹ́, àṣẹ tí òṣìṣẹ́ ní lórí rẹ̀, ìrànlọ́wọ́, àjọṣe, ipò, àti bí àyípadà ṣe ń dé. ISO 45003 tẹ̀ lé e ní 2021. Ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí bá Nàìjíríà mu ju ti àwọn eléré ìdárayá lọ. Olùkọ́ tó ń máàkì ìwé ìdánwò ọgọ́rọ̀ọ̀rún, tí wọ́n sì dá owó oṣù rẹ̀ dúró nígbà ìyanṣẹ́lódì oṣù mẹ́jọ ti 2022, kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mí kanlẹ̀.

Àwọn tó ní kí a sanwó fún ẹni tó fara pa

Mo fi èyí sẹ́yìn nítorí pé kì í dènà ìjàm̀bá, àfi bí owó bá ń dun agbanisíṣẹ́. Òfin Owó Gbà-má-bínú ti 2010 ní Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́, ìjọba náà pẹ̀lú, máa san 1% àpapọ̀ owó oṣù fún àpò tí àjọ NSITF ń bójú tó. Ó ka òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ mọ́ òṣìṣẹ́, ó sì mẹ́nu ba ìdààmú ọkàn. Nínú gbogbo òfin iṣẹ́ tí a ní, òun ni apá rẹ̀ gùn jù. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò mọ̀ pé ó wà.

Ohun tí kò tíì yanjú

Àkọ́kọ́ ni iye. CSB kó ìjàm̀bá láàbù yunifásítì 120 jọ láti 2001 sí ìgbà ìròyìn rẹ̀ ti 2011, láti inú ohun tó bọ́ sí etígbọ̀ọ́ rẹ̀ nìkan. Àìsí ìforúkọsílẹ̀ gidi yìí ló fà á tí kò fi sí ẹni tó lè fi dá wa lójú pé àṣà borí òfin, tàbí pé ẹ̀rọ borí àwọn méjèèjì. Ti Illinois ni ìdánwò tó múná jù tí mo mọ̀, ètò ìlera ló sì dán wò, kì í ṣe ààbò láàbù.

Èkejì ni ti akẹ́kọ̀ọ́ onípele gíga. Ó ń ṣe iṣẹ́ tí yunifásítì fi ń gba orúkọ, ó ń kẹ́kọ̀ọ́, owó tó ń gbà kò sì jọ owó oṣù. Òfin Gẹ̀ẹ́sì gbà á mọ́ra, ti Amẹ́ríkà ń wo bóyá ó ń gbowó, ti Nàìjíríà kò sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí àṣẹ yóò dúró sí láàárín gíwá àti olórí láàbù. Bí alábòójútó ààbò bá lè ti láàbù ọ̀jọ̀gbọ́n pa láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn kan ní òmìnira ìwádìí ti kú. Bí kò bá lè tì í, kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Kò sí ìwé tí mo kà tó yanjú rẹ̀ kọjá pé kí àwọn méjèèjì máa fikùn lukùn.

Ní Nàìjíríà, àbádòfin tí yóò gba ipò òfin 1987 ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìbéèrè sì wà lórí ẹni tí yóò máa ṣàyẹ̀wò yunifásítì bó bá di òfin: ṣé ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni, àbí àjọ NUC tó ń fún àwọn yunifásítì ní àṣẹ láti kọ́ni? Ó tún ku ọlọ́dẹ tí kọ́ńtírákítọ̀ gbà síṣẹ́. Òfin 2010 kà á mọ́ òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí kọ́ńtírákítọ̀ rẹ̀ kò bá san 1% náà, tí jẹnẹrétọ̀ yunifásítì sì jó o lọ́wọ́, ta ni yóò gbọ́ bùkátà ilé ìwòsàn rẹ̀, kọ́ńtírákítọ̀ ni àbí yunifásítì?